Láti Orí Kabúrétọ̀ Dé Orí Ínjẹ́kṣọ̀n: Bí Ọkọ̀ Tó Ní Ọpọlọ Ṣe Gba Èbúté Kútọnu Wọlé Wá Bá Wa

 

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn mọ́tò ni, ìtàn bí bẹntiróòlù ṣe ń dé inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù rí, yálà èyí tí àwa níhìn-ín ń pè ní "venue de France" tàbí èyí tí ẹ̀yin lọ́hùn-ún ń pè ní tòkunbọ̀, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan àpò òun.

Ganhi ni ọ̀rọ̀ náà ti bá àwa fúnra wa. Ẹni tó mọ Kútọnu mọ Ganhi: àdúgbò àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì, pẹ̀lú ọjà rẹ̀, tí èbúté kò jìnnà sí i, tí atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ wọ inú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Níbẹ̀ ni Carina E tí àwa àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan jọ dáwó rà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú bí sítóòfù tí òwú rẹ̀ kò dára. Ó ń kú, ó ń jí. Epo tí a rà láàárọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí oòrùn tó kàtàrí. Àwọn zémíjàn ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, òógùn sì bò wá.

Mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́kọ́ bá wa pè ṣí iwájú ọkọ̀, ó wò ó, ó ní: "Prof, calculateur yín ti kú." Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni pé kí a ra calculateur mìíràn, tí owó rẹ̀ ju owó oṣù wa lọ. Èkejì ni pé kí òun tú gbogbo ínjẹ́kṣọ̀n náà dànù, kí òun sì gbé kabúrétọ̀ lé ẹ́ńjìnnì. Ó ní: "Kabúrétọ̀ ò ní wàhálà. Ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe." Àwa àti ẹlẹgbẹ́ wa wo ara wa lójú. Ó kù díẹ̀ kí a gbà.

A óò sọ bó ṣe parí. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà fẹ́ tú dànù, ibi tó ti wá, àti ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

KÍ ÍNJẸ́KṢỌ̀N TÓ DÉ

Ẹ́ńjìnnì kì í jó epo lásán. Afẹ́fẹ́ ló ń bá epo jó, ìwọ̀n sì wà fún un: fún bẹntiróòlù kílò 1, afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7 ló yẹ kó bá a pàdé. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú nìyẹn. Bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, kò sì ní lágbára. Orí ìwọ̀n yìí ni gbogbo ìtàn wa dúró lé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kabúrétọ̀ ló ń ṣe ìwọ̀n náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí agolo Flit tí àwọn òbí wa fi ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn. Bí a bá ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú, atẹ́gùn á sáré kọjá lórí ihò tín-ín-rín kan, oògùn á gòkè wá fúnra rẹ̀, á sì fọ́n káàkiri bí ìrì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kabúrétọ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà tóóró kan, atẹ́gùn ń sáré níbi tóóró yẹn, epo á sì gba ihò kékeré jáde lọ bá a. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí ọpọlọ. Fífà nìkan ni.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ojú lè rí i. Ẹ wo Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kaduna ní ọdún 1975, tó sì gba ojú ọ̀nà Nàìjíríà àti tiwa kan. Kabúrétọ̀ ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Bí ìdọ̀tí bá dí ihò epo, ọmọ iṣẹ́ á tú u, á fi ẹnu fẹ́ ẹ, á dá a padà, ọkọ̀ á sì tún máa lọ. Mẹkáníìkì ń fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń fi imú gbóòórùn èéfín, ó ń fi sukurudíráfà yí ìdè kékeré títí ohùn ọkọ̀ á fi tò. Ọgbọ́n gidi ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé kabúrétọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yí i ká. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù láàárọ̀, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fa ṣókù, kó sì rántí dá a padà. Ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ kì í bára mu nígbà gbogbo. Epo ń ṣòfò, májèlé sì ń pọ̀ nínú èéfín.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ GBÌYÀNJÚ KÙNÀ

Fífi agbára ti epo sínú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1927 ni ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ti ń ta pọ́ńpù ínjẹ́kṣọ̀n fún ẹ́ńjìnnì dísù. Ní ọdún 1954, Mercedes gbé 300 SL jáde, ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tí pọ́ńpù onírin ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni irú pọ́ńpù bẹ́ẹ̀, irin lásán ló sì ń darí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ronú pé kí iná mànàmáná máa darí epo. Ilé iṣẹ́ Bendix ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Electrojector. Ní ọdún 1957 wọ́n kéde pé yóò wà lórí Rambler Rebel, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbàárà kò tẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1958, ilé iṣẹ́ Chrysler fi í sórí díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀, bíi 35 péré. Àwọn èròjà iná ayé ìgbà náà kò lè fara da ooru àti ọ̀rinrin abẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ náà ń kú lójú ọ̀nà. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n tú ínjẹ́kṣọ̀n kúrò lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì gbé kabúrétọ̀ sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì Ganhi fẹ́ ṣe sí ọkọ̀ wa, òun náà ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ń fi àwọn mẹkáníìkì wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò gbọ́ èdè ọkọ̀ òde òní, ẹ rán an létí pé kò sí ẹni tí a bí ìmọ̀ yìí mọ́. Gbogbo ayé ló kọ́ ọ, gbogbo ayé ló sì kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Bosch gba ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ Bendix, wọ́n sì tún un ṣe. Ní ọdún 1967 wọ́n gbé D-Jetronic jáde lórí Volkswagen 1600 tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Lẹ́tà D yẹn dúró fún Druck, ìyẹn agbára ìtì ní èdè Jámánì. Kí ló fà á? Òfin ni. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1968, ìjọba Amẹ́ríkà fi gbèdéke lé èéfín ọkọ̀ tuntun káàkiri orílẹ̀-èdè náà, Volkswagen kò sì fẹ́ pàdánù ọjà ibẹ̀. Ní ọdún 1969 Citroën gbé DS 21 jáde pẹ̀lú D-Jetronic yìí kan náà, ọkọ̀ Faransé àkọ́kọ́ tó ní ínjẹ́kṣọ̀n oníná. Orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey nígbà náà. Ní Japan, Toyota àti Nissan wọ ọ̀nà kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ omi ilé yín. Bí agbára omi kò bá yí padà, iye omi tí yóò bọ́ sínú korobá wà lọ́wọ́ iye àkókò tí ẹ fi ṣí i. Bí ẹ ṣí i ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ mọ iye tí ẹ máa rí. Ìpìlẹ̀ ínjẹ́kṣọ̀n oníná kò ju èyí lọ: ìtì kan náà, àkókò ni òṣùwọ̀n.

Pọ́ńpù oníná ń ti epo láti inú táǹkì. Epo gba inú fílítà kọjá, ó sì dé ọ̀pá kan lórí ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan ń ṣọ́ agbára ìtì rẹ̀, ó sì ń dá èyí tó bá pọ̀ jù padà sí táǹkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ìtì náà wà láàárín bar 2 sí 3. Ẹ fi wé afẹ́fẹ́ inú táyà yín, tó máa ń wà ní bíi 2. Lára ọ̀pá yẹn ni àwọn nọ́sù wà, tí àwa níhìn-ín ń pè ní injecteur. Nọ́sù jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré. Bí iná bá dé ara rẹ̀, irin inú rẹ̀ á di òòfà, ilẹ̀kùn á ṣí, epo á tú jáde bí ìrì. Bí iná bá kúrò, ilẹ̀kùn á tì.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kíákíá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, písítìnì kọ̀ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àkókò tí nọ́sù fi ń ṣí kì í ju ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ta ló ń pinnu àkókò náà? Òun ni calculateur, tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní brain box. Àwa yóò pè é ní ọpọlọ ọkọ̀. Nínú D-Jetronic ìgbà náà, tíránsítọ̀ ló kún inú rẹ̀, kò tíì di kọ̀ǹpútà bíi ti òní.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù: ọpọlọ yìí kò ní ojú. Inú àpótí onírin ni ó wà, kò rí ìta. Àwọn oníṣẹ́ kan ló ń ròyìn fún un, àwọn tí a ń pè ní sẹ́ńsọ̀, tàbí capteur. Ọ̀kan ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó. Ọ̀kan ń sọ bó ṣe ń yára yí. Ọ̀kan ń sọ ibi tí awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ dé. Ọ̀kan sì wà nínú omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, tó ń sọ bóyá ó tutù tàbí ó gbóná. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ọpọlọ á fi kún epo, bí ìgbà tí a fa ṣókù. Bí ó bá gbóná, á dín in kù. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni ó ń gbà gbọ́. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlọsíwájú ń tẹ̀ lé ara wọn. Ní ọdún 1974, L-Jetronic dé. L dúró fún Luft, ìyẹn afẹ́fẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gan-an ni ó ń wọ̀n: pẹpẹ kékeré kan wà lójú ọ̀nà atẹ́gùn, bí atẹ́gùn bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tì í tó. Ní ọdún 1976, Volvo fi sẹ́ńsọ̀ lambda sórí ọkọ̀ tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Inú ọ̀nà èéfín ni ìyẹn wà, ó ń tọ́ èéfín wò bí ìyá ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò, á sì ròyìn bóyá epo pọ̀ jù tàbí kò tó. Ní ọdún 1979, BMW 732i gba Motronic, níbi tí ọpọlọ kan ṣoṣo ti ń darí epo àti iná púlọ́ọ̀gì pa pọ̀.

Níkẹyìn, òfin tún dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, èéfín gbogbo ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tuntun nílẹ̀ Yúróòpù gbọ́dọ̀ mọ́ débi pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìsí ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní pot catalytique. Ohun ìfọ̀mọ́ yìí kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí ìwọ̀n epo kò bá péye. Bí wọ́n ṣe palẹ̀ kabúrétọ̀ mọ́ nìyẹn.

BÍ Ó ṢE DÉ KÚTỌNU

Kí Kútọnu tó ní èbúté, wharf onírin ló wà, tó na ọwọ́ wọ inú òkun. Ní ọdún 1965 wọ́n ṣí èbúté tòótọ́. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ àlòkù ti ń wọlé, ìwọ̀nba díẹ̀ fún wa, ọ̀pọ̀ jaburata fún Nàìjíríà. Ní Brussels, àdúgbò Heyvaert di ibi tí wọ́n ti ń kó ọkọ̀ jọ. Antwerp ni wọ́n ti ń dì wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n á wá já wọn sílẹ̀ ní Kútọnu.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kínní, ọdún 1994, wọ́n gé iye CFA sí ìdajì lójú owó Faransé. Ọkọ̀ tuntun tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì ti ń fojú sùn tẹ́lẹ̀ wá di àlá pátápátá. Àlòkù ló kù fún wa. Àwọn ọkọ̀ tí Yúróòpù sì ń lé jáde bọ̀ lọ́dọọdún ń di oníínjẹ́kṣọ̀n sí i.

Ẹ rí i bí nǹkan ṣe rí: kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ wa. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí afẹ́fẹ́ Los Angeles àti Brussels ló pinnu irú ọkọ̀ tí yóò dé Ganhi. Wọ́n kó ọkọ̀ náà wá, ṣùgbọ́n wọn kò kó ìwé rẹ̀ wá, wọn kò kó ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ wá, wọn kò sì kó irú epo tí wọ́n ṣe é fún wá. Ọ̀tá mẹ́ta ló dúró dè é níbí.

Èkíní ni òjé. Epo tí wọ́n ń tà nílẹ̀ wa nígbà náà ṣì ní òjé nínú, òjé sì ń pa sẹ́ńsọ̀ lambda, ó ń pa ohun ìfọ̀mọ́ inú sàlẹ́ńsà. Ní ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n pinnu pé kí òjé kúrò nínú bẹntiróòlù. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti fara gbá kí ó tó kúrò.

Èkejì ni kpayo. A kò ní bú kpayo o. Ọ̀pọ̀ nínú wa, owó kpayo ni wọ́n fi rán wa níléèwé, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé lẹ́bàá bodè ṣì ń jẹ. Ṣùgbọ́n epo tó ti inú jálá bọ́ sínú bonbonne, tó tún ti inú bonbonne bọ́ sínú ìgò lẹ́bàá títì, kì í ṣàìbá omi àti iyanrìn pàdé. Kabúrétọ̀ á gbé e mì, a ó tú u, a ó fẹ́ ẹ. Ihò nọ́sù kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu kò lè fẹ́ ẹ. Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú táǹkì ni pọ́ńpù wà, epo tó yí i ká ló sì ń tù ú lára. Ẹni tó bá ń fi epo lítà kan ìgò kan rìn lójoojúmọ́ ń jẹ́ kí pọ́ńpù náà jóná díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta ni iyọ̀ òkun. Ẹni tó bá ń gbé Kútọnu mọ bí páànù ṣe ń dógùn-ún. Ohun tó ń jẹ páànù náà ló ń jẹ ẹnu wáyà abẹ́ ọkọ̀.

Bí nǹkan ṣe rí yìí, kò yani lẹ́nu pé àwọn mẹkáníìkì kan ní ìhín àti ní ọ̀hún yàn láti tú ínjẹ́kṣọ̀n dànù. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n dá ohun tí wọ́n mọ̀ padà sórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn.

BÍ Ọ̀RỌ̀ WA ṢE PARÍ

Nígbà tí a ń jiyàn iye owó, bàbá àgbàlagbà kan dé, mẹkáníìkì ni òun náà. Orí 504 ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní wáyà kékeré. Lórí àwọn Toyota ọdún wọ̀nyẹn, àpótí kékeré kan wà nítòsí ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fi wáyà so TE1 pọ̀ mọ́ E1 níbẹ̀, tí a sì yí kọ́kọ́rọ́, fìtílà ẹ́ńjìnnì iwájú awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí ó bá ṣẹ́jú méjì, tó sinmi, tó tún ṣẹ́jú méjì, 22 nìyẹn, sẹ́ńsọ̀ ooru omi ni wọ́n ń pè. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Kò gba kọ̀ǹpútà, kò gbówó.

Fìtílà tiwa ń ṣẹ́jú léraléra láìdúró, ìyẹn ni pé ọpọlọ ọkọ̀ kò rí àṣìṣe kankan. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní: "Ẹ rí i, Bàbá? Ó ti kú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́." Bàbá mi orí. Ó ní: "Òkú kì í ṣẹ́jú. Kò ṣàìsàn. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún un, irọ́ náà sì jọ òótọ́."

Ó na ọwọ́ sí ibi tí omi ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, ó yọ ẹnu wáyà kékeré kan. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé bò ó. Ó fi sáńpépà ha á, ó fi bẹntiróòlù díẹ̀ nù ún, ó dá a padà. Ó ní kí a ta á. Ọkọ̀ dáhùn. Èéfín dúdú dínkù, ó dínkù, ó tán.

A bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní: "Prof, nǹkan kékeré yìí, bí omi bá tutù, ó máa ń há ọ̀nà mọ́ iná. Bí omi bá gbóná, á ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Iyọ̀ ti há ọ̀nà náà. Ọkọ̀ yín rò pé òtútù ń mú òun nínú oòrùn Ganhi, ló bá ń mu epo."

Ẹ̀yin ará, ojú tì wá. Olùkọ́ PCT ni wá, físíìsì àti kẹ́mísírì la ń kọ́ àwọn ọmọ. Nínú ọdún ẹ̀kọ́ yẹn gan-an la ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó, bí ọ̀nà iná inú thermistance ṣe ń ṣí sí i bí ooru ṣe ń pọ̀. A kọ ọ́ ní èdè Faransé, àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n ṣe ìdánwò, ó parí síbẹ̀. Ohun tí a fi chọ́ọ̀kì yà, òun ló wà nínú ọkọ̀ wa, a kò dá a mọ̀. Bàbá yìí kò gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n ju àwa lọ.

A béèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní: "Mo ba ti ẹni mélòó kan jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí mo bà tirẹ̀ jẹ́ ló sanwó ẹ̀kọ́ mi." Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò bínú lọ. Ó ní kí Bàbá tún fi ibi tí a ń so wáyà han òun, ó sì fi bírò kọ TE1 àti E1 sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Gbólóhùn Bàbá yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Bí ìmọ̀ bá wà nínú ìwé Faransé níhìn-ín, tó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, tí a kò sì sọ ọ́ ní èdè tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ọkọ̀ àwọn aláìní ni a óò máa fi kọ́ iṣẹ́. Láti ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó kpayo náà ti gbéra nílẹ̀. Ẹnu wáyà tó dógùn-ún lè jẹ owó oúnjẹ ọmọ láàárín oṣù kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ oníínjẹ́kṣọ̀n àtijọ́, ẹ gbọ́ díẹ̀ tí a rí kọ́. Bí wọ́n bá ní ọpọlọ ọkọ̀ yín ti kú, ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka fìtílà, kí wọ́n wo ẹnu wáyà, kí wọ́n wo okùn ilẹ̀ bátìrì, kí wọ́n wọn agbára pọ́ńpù. Ẹ máa pààrọ̀ fílítà epo lásìkò. Ẹ má máa jẹ́ kí táǹkì gbẹ. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ara yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwa olùkọ́ náà, ẹ jẹ́ ká máa mú ẹ̀kọ́ kúrò lójú pátákó lọ sábẹ́ mọ́tò. Láti ọdún yẹn, sẹ́ńsọ̀ àlòkù kan wà lórí tábìlì wa nínú kíláàsì. A ń kì í bọ inú omi gbígbóná, àwọn ọmọ ń wọn iná rẹ̀, a sì ń sọ ọ́ ní Faransé àti ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Ọkọ̀ oníná pátápátá ti ń bọ̀ lẹ́yìn eléyìí. Òun náà yóò gba èbúté wọlé, òun náà kò ní kó ìwé rẹ̀ wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti múra sílẹ̀ kí ó tó dé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ń pe nọ́sù, sẹ́ńsọ̀ àti ọpọlọ ọkọ̀ ládùúgbò tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, ní Kétu tàbí Ìlọrin, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú. A óò kó wọn jọ, kí ọmọ iṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí orúkọ pe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.